Àlàyé: Ojú ọjọ́ ti ń yí padà tipẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló ṣe sí ọkà àwọn baba ńlá wa?

Nígbàkigbà tí ìròyìn bá jáde pé òjò kò rọ̀ tó ní Òkè Ọya, tàbí pé ọ̀dá ti ba irè oko jẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣàì farahàn lábẹ́ ìròyìn náà lórí Facebook àti nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp. Ọ̀rọ̀ náà ni pé: ojú ọjọ́ ti ń yí padà kí wọ́n tó bí baba wa, àwọn ará àtijọ́ rí i, wọ́n sì yè é, nítorí náà, kò sí ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú.

Gbólóhùn mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Èkejì jẹ́ òótọ́ dé ààyè kan. Ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n fi ń kádìí rẹ̀, ni kò tẹ̀lé méjì tó ṣáájú.

Nínú àlàyé yìí, a fi ìtàn ọkà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Jéró tí a fi ń ṣe fùrá, ọkà bàbà tí a fi ń ṣe ògì pupa, acha àti ìrẹsì, gbogbo wọn ló ní ìtàn pẹ̀lú òjò. Ìtàn náà sì yé àwọn onímọ̀ dáadáa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé ojú ọjọ́ ti yí padà rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rí tó tóbi jù lọ ni aṣálẹ̀ Sàhárà fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 15,000 sẹ́yìn títí di nǹkan bí ọdún 5,000 sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ibi tí iyanrìn bò lónìí jẹ́ pápá koríko tútù, tó ní adágún, odò, erinmi àti ọ̀nì. Lórí àwọn àpáta Tassili n'Ajjer ní orílẹ̀-èdè Algeria, àwọn ènìyàn ìgbà náà ya àwòrán agbo màlúù sí ibi tí darandaran kankan kò lè kó agbo ńlá lọ lónìí.

Ẹ̀rí wà ní Nàìjíríà náà. Adágún Chad ìgbà yẹn fẹ̀ ju 300,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, ìyẹn tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà òde òní. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna ní ìpínlẹ̀ Yobe. Nígbà tó gbẹ́ ilẹ̀ dé nǹkan bí mítà 5, ohun èlò rẹ̀ kan igi líle kan. Ọkọ̀ ojú omi ni igi náà, tí wọ́n gbẹ́ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo, tó gùn tó mítà 8.4. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí ọdún 8,000 tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Kò sí ọkọ̀ ojú omi mìíràn tí a tíì rí ní Áfíríkà tó pẹ́ tó o. Àwọn ènìyàn ń tukọ̀ níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń wá omi lójú méjèèjì lónìí.

Kì í ṣe èéfín ọkọ̀ tàbí ti iléeṣẹ́ ló fa òjò ìgbà náà. Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Lónìí, oṣù Kìíní ọdún ni ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ. Ní nǹkan bí ọdún 10,000 sẹ́yìn, àárín ọdún ló ń sún mọ́ ọn jù lọ, ní àkókò tí oòrùn ń ràn jù ní apá àríwá ayé. Ilẹ̀ Àríwá Áfíríkà gbóná sí i, ó sì ń fa atẹ́gùn olómi láti orí òkun wọlé jìnnà ju ti òde òní lọ. Nígbà tí ìyípo náà yí padà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn síhà gúúsù.

Ìgbà tí òjò ń dínkù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọkà

Ohun kan wà níbí tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni lè rò pé ìgbà tí òjò pọ̀ ni àwọn ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í dáko. Òdìkejì rẹ̀ ni ẹ̀rí fi hàn ní apá ibi tí à ń sọ yìí.

Nígbà tí Sàhárà tutù, oúnjẹ wà káàkiri: ẹja, ẹran ìgbẹ́ àti koríko tí èso rẹ̀ ṣeé jẹ. Ní Nabta Playa, ní gúúsù Íjíbítì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí hóró ọkà bàbà ìgbẹ́ tí àwọn ènìyàn ti kó jọ láti jẹ ní nǹkan bí ọdún 8,000 sẹ́yìn. Wọ́n kó o jọ ni. Wọn kò tíì sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Màlúù ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń sìn, nítorí pé ẹni tó ń da ẹran lè ṣí lọ síbi tí òjò bá rọ̀ sí. Ẹni tó gbin nǹkan gbọ́dọ̀ dúró tì í.

Bí omi ṣe ń gbẹ, ibi tí ènìyàn lè gbé ń dínkù, àwọn ènìyàn sì ń kó jọ sí ẹ̀bá odò àti adágún tó ṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni ọkà ìgbẹ́ ti di ọkà oko. Ní ìlà oòrùn Sùdáànì, nítòsí ìlú Kassala, ẹ̀rí ọkà bàbà tí wọ́n ti ń gbìn ti wà láti ohun tó lé ní ọdún 5,000 sẹ́yìn. Ní àfonífojì Tilemsi ní àríwá Málì, ẹ̀rí jéró tí wọ́n gbìn ti wà láti nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn.

Báwo la ṣe mọ̀? Àwọn amọ̀kòkò ìgbà náà máa ń po ìyàngbò ọkà mọ́ amọ̀ kí ìkòkò má bàa sán. Nígbà tí wọ́n bá sun ìkòkò náà, iná á jó ìyàngbò náà, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ á kù sára àpáàdì. Àmì yẹn ló ń sọ bóyá ọkà ìgbẹ́ ni tàbí ọkà oko. Koríko ìgbẹ́ máa ń gbọn èso rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀ nígbà tó bá gbó, ojú ibi tó ti já sì máa ń dán. Ọkà oko kì í gbọn dànù. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ pa á, ojú ibi tó ti já sì máa ń rí jágajàga. Láti ìran dé ìran, ṣírí tí kò gbọn èso rẹ̀ dànù ni àwọn ènìyàn ń rí gé lọ sílé, òun náà ni wọ́n sì ń gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ẹni tó sọ pé òyìnbó ló kọ́ àwọn ènìyàn Áfíríkà láti gbin ọkà, irọ́ ni. Àgbàdo ni wọ́n gbé wá láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1500. Jéró àti ọkà bàbà ti wà nínú oko níbí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ìgbà náà.

Òjò ló ń yan ọkà

Tí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí a ṣe ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ wá sí etí òkun ni òjò ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ tí àwọn ènìyàn gbójú lé sì ń yí padà bí a ṣe ń bọ̀.

Jéró ló sún mọ́ aṣálẹ̀ jù lọ. Ó lè so níbi tí gbogbo òjò ọdún kan kò ju nǹkan bí 300 mílímítà lọ, nínú ilẹ̀ oníyanrìn tí kò lọ́ràá. Òjò tó ń rọ̀ ní Èkó lọ́dún kan ju ìlọ́po mẹ́rin iye yẹn lọ.

Ọkà bàbà ló tẹ̀ lé e síhà gúúsù. Ó ń fẹ́ omi ju jéró lọ, ó sì lè fara da ilẹ̀ amọ̀. Ní Borno, nítòsí Adágún Chad, irú ọkà bàbà kan wà tí wọ́n ń pè ní masakwa. Nígbà tí òjò bá ń lọ sópin ni wọ́n máa ń gbin èso rẹ̀ sójú kan. Tí omi bá ti fà kúrò lórí ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki, wọ́n á hú àwọn ọ̀gbìn kéékèèké náà, wọ́n á sì tún wọn gbìn síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni masakwa fi ń dàgbà. Omi tí amọ̀ náà ti mu pamọ́ sínú ló ń gbé e dé ìkórè.

Acha, tí wọ́n ń pè ní fonio ní Málì àti Gínì, kéré ní hóró ṣùgbọ́n ó yára. Irú rẹ̀ tó yára jù lọ máa ń gbó láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ oúnjẹ àsìkò ebi, ìyẹn ìgbà tí ọkà ọdún tó kọjá ti tán nínú àká, tí tọdún yìí kò sì tíì gbó. Títí di òní, wọ́n ṣì ń gbìn ín ní Plateau àti àwọn agbègbè tó yí i ká.

Ìrẹsì ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ìrẹsì ló ti Éṣíà wá. Áfíríkà ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n sọ di ohun ọ̀gbìn ní ohun tó tó nǹkan bí ọdún 3,000 sẹ́yìn ní agbègbè tí Odò Ọya ti ń tàn kálẹ̀ ní Málì. Òjò tó rọ̀ ní àwọn òkè Gínì ló ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń kún bo ilẹ̀ tó jìnnà réré sí ibi tí òjò náà ti rọ̀. Igi irú ìrẹsì kan níbẹ̀ máa ń gùn sí i bí omi ṣe ń ga sí i, kí orí rẹ̀ má bàa rì. Ìdí nìyẹn tó fi ṣeé ṣe láti kórè ọ̀pọ̀ ìrẹsì ní ibi tí òjò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí arìnrìn-àjò Ibn Battuta dé ilẹ̀ Málì ní 1352 sí 1353, ó mẹ́nu kan jéró, ìrẹsì àti acha nínú oúnjẹ tó rí níbẹ̀.

Tí a bá wọ agbègbè igbó ní gúúsù, ọkà kò fi bẹ́ẹ̀ jọba mọ́. Iṣu ló gba ipò rẹ̀. Jéró nílò àsìkò gbígbẹ láti gbó. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí ṣírí tó ti gbó, yóò hu ewú.

Kàlẹ́ńdà tó wà nínú irúgbìn

Ọ̀rọ̀ ewú yìí mú wa dé ibi tó ṣe pàtàkì jù lọ. Àgbẹ̀ Òkè Ọya kò lè mọ ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ yóò rọ̀. Ọdún kan lè wà tó jẹ́ oṣù Karùn-ún, ọdún mìíràn tó jẹ́ oṣù Keje. Ṣùgbọ́n ìgbà tí òjò máa ń dá kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún. Tí ọkà bá tètè gbó, òjò á bá a lórí, yóò hu ewú. Tó bá pẹ́ jù, omi inú ilẹ̀ á tán kí hóró tó kún.

Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ rí ni pé wọ́n ń yan irúgbìn tó ń fi gígùn ọ̀sán mọ àkókò. Lẹ́yìn oṣù Kẹfà, ọ̀sán máa ń kúrú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọkà bàbà ìbílẹ̀ kò ní yọ òdòdó títí ọ̀sán yóò fi kúrú dé ìwọ̀n kan. Yálà wọ́n gbìn ín ní oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Keje, àkókò kan náà ni yóò yọ òdòdó, ìyẹn nígbà tí òjò bá fẹ́ dá. Ìwádìí tí D. L. Curtis ṣe lórí ọkà bàbà ní àríwá Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1968, fi hàn pé ọjọ́ tí irú ọkà bàbà àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń yọ ṣírí bá ìgbà tí òjò máa ń dá ní àdúgbò náà mu.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọgbọ́n àtijọ́ náà lágbára, ṣùgbọ́n ibì kan pàtó àti òjò ibẹ̀ ló wà fún. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣáájú ìgbà tí irúgbìn náà mọ̀, kàlẹ́ńdà inú rẹ̀ kò bá oko mu mọ́. Yíyan irúgbìn mìíràn tí yóò bá a mu kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan.

Bí òjò ṣe ń ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ọkà ń ṣí

Láti Tilemsi, jéró tẹ̀ lé àwọn ènìyàn lọ sí gúúsù. Ní Birimi, ní àríwá Gánà, ẹ̀rí rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọdún 3,700 sẹ́yìn. Ní Borno, wọ́n ti ń gbìn ín ní nǹkan bí ọdún 3,200 sẹ́yìn, lórí ilẹ̀ tí Adágún Chad fi sílẹ̀ nígbà tó ń sún kì. Àwọn ará Nok ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, tí gbogbo ayé mọ̀ fún ère amọ̀ wọn, jéró àti ẹ̀wà ni wọ́n gbìn.

Ibi tó jìnnà jù ni gúúsù Kamẹrúùnù, tó jẹ́ igbó kìjikìji lónìí. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí hóró jéró tó ti jóná níbẹ̀, tó ti lé ní ọdún 2,000. Jéró kò lè gbó dáadáa nínú igbó olómi bẹ́ẹ̀. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé ní nǹkan bí ọdún 2,500 sẹ́yìn, àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn gùn sí i ní agbègbè náà, apá kan igbó náà sì ṣí sílẹ̀. Nígbà tí igbó padà, jéró kò sí nínú oko ibẹ̀ mọ́.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n yè é?

Ibí yìí ni gbólóhùn kejì ti di ìlàjì òótọ́. Àwa tí a wà láàyè lónìí jẹ́ ọmọ àwọn tó yè é. Àwọn tí kò yè é kò ní ọmọ tí yóò sọ ìtàn wọn lórí WhatsApp.

Ní Dhar Tichitt, ní Moritáníà, àwọn ènìyàn fi òkúta mọ abúlé, wọ́n gbin jéró, wọ́n sì sin màlúù láti nǹkan bí ọdún 4,000 sẹ́yìn. Bí omi ṣe ń gbẹ, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ògiri òkúta náà ṣì wà láàrin aṣálẹ̀.

Jenne-jeno ní Málì, tí Susan àti Roderick McIntosh bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ rẹ̀ ní 1977, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù. Ìrẹsì, jéró, ọkà bàbà àti acha ni àwọn ará ìlú náà ń jẹ. Wọn kò fi gbogbo ara lé ọkà kan ṣoṣo, ìlú náà sì pẹ́ ju ọdún 1,500 lọ. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1400, ó ti dahoro. Kì í ṣe ojú ọjọ́ nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó fà á.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Bosumtwi ní Gánà náà sọ tirẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2009 fi hàn pé láàrin ọdún 3,000 tó kọjá, ọ̀dá tó gba ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1400, ó sì parí ní nǹkan bí 1750. Nínú àsìkò yẹn náà ni ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1738 mú ní Timbuktu.

Nítorí náà, yíyè ìgbà náà ní iye tí wọ́n san: ìlú tó dahoro, ebi, àti ìrìn àjò tí ọ̀pọ̀ ìran rìn.

Kí ló yàtọ̀ lónìí?

Nǹkan mẹ́ta ló mú kí gbólóhùn kẹta, pé kò sí ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú, má dúró.

Àkọ́kọ́ ni ohun tó ń fà á. Ti àtijọ́ wá láti inú ìyípo ayé, tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyípadà náà yára ní àwọn ibì kan. Ti òde òní, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, IPCC, ti sọ ọ́ kedere pé ìṣe ènìyàn ló fà á, pàápàá epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí à ń jó. Láàrin 2011 sí 2020, ayé fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.1 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju ti 1850 sí 1900 lọ. Kò tó ọdún 200 tí èyí fi ṣẹlẹ̀.

Èkejì ni àyè. Nígbà tí òjò fi Tilemsi sílẹ̀, ilẹ̀ wà ní gúúsù tí ènìyàn kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Lónìí, Nàìjíríà nìkan ní ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 200 lọ. Ibikíbi tí àgbẹ̀ tàbí darandaran bá ṣí lọ, ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Ìjà tó máa ń wáyé láàrin àgbẹ̀ àti darandaran kò ṣẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìdí mìíràn wà.

Ẹ̀kẹta ni irúgbìn. Àwọn ará Jenne-jeno ní ọ̀pọ̀ ọkà lọ́wọ́. Tí ọ̀kan bá kùnà, òmíràn lè so. Níbi tí a bá ti pa irúgbìn ìbílẹ̀ tì, tí gbogbo oko jẹ́ irú àgbàdo kan ṣoṣo, ọ̀dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tó ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Kí ni ẹ lè mú lọ?

Tí ẹ bá jẹ́ àgbẹ̀, tàbí tí ẹ ní mọ̀lẹ́bí tó jẹ́ àgbẹ̀, ẹ má fi ìgbà tí òjò rọ̀ lọ́dún tó kọjá nìkan ṣe ìpinnu. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, tó ń sọ ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó lè dá ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì da irúgbìn ìbílẹ̀ nù. Ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NACGRAB ń tọ́jú irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ pamọ́, nítorí pé inú wọn ni àwọn onímọ̀ yóò ti wá èyí tó lè fara da ojú ọjọ́ tó ń bọ̀.

Tí ẹ bá sì rí ọ̀rọ̀ náà lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ lè dá ẹni tó fi ránṣẹ́ lóhùn báyìí: òótọ́ ni pé ojú ọjọ́ ti ń yí padà láti ìgbà láéláé. Òótọ́ ni pé àwọn baba ńlá wa fi ọgbọ́n yan ọkà tó bá a mu. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìran àti ilẹ̀ gbalasa láti fi ṣe é, síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn kò yè é.

Àbájáde: Ọ̀rọ̀ náà pé ojú ọjọ́ ti yí padà rí jẹ́ òótọ́. Lílò ó láti sọ pé àyípadà òde òní kò léwu fún oúnjẹ wa jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà.